Iṣẹ́ Tí Kì Í Parí Nínú Kọ̀ǹpútà Sẹ̀ríyà

Ìbẹ̀rù ni Sẹ̀ríyà fi ń ṣọ́ iṣẹ́ rẹ̀. Bó bá ti ilẹ̀kùn yàrá kọ̀ǹpútà nírọ̀lẹ́, á rìn dé ẹnu géètì, á tún padà lọ mi ilẹ̀kùn wò bóyá ó tì í lóòótọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá pe orúkọ rẹ̀ lójijì, ohun tó máa kọ́kọ́ bọ́ sí i lẹ́nu ni, "Kí ni mo ṣe?" Àwọn nọ́ọ̀sì a máa fi í ṣẹ̀fẹ̀. Wọ́n ní bí òjò bá rọ̀ n'Íkọ̀lé, Sẹ̀ríyà á rò pé òun lòun gbàgbé láti ti fèrèsé ojú ọ̀run.

Ọmọ Bùràímọ̀ oníṣòwò pákó ni, nítòsí mọ́ṣáláṣí àárín ìlú. Iṣẹ́ títẹ̀wé ló kọ́kọ́ kọ́, nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ tó ń dún gbàgà-gbàgà ni wọ́n ṣì fi ń ṣe é. Nígbà tí kọ̀ǹpútà dé, ó lọ kọ́ ìyẹn náà. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe dé Ilé Ìwòsàn Ìtura, ilé ìwòsàn aládàáni tí Dókítà Ọláìtán dá sílẹ̀ fún àwọn aláboyún àti ọmọdé. Lọ́dún 2008 tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, òun nìkan ló ń tọ́jú kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo tí wọ́n ní.

Láyé àtijọ́ ilé ìwòsàn náà, bí wọ́n bá fẹ́ ránṣẹ́ sí aláboyún tó wà lókèèrè, òṣìṣẹ́ àgbà kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Elizabeth ló ń bá wọn ṣe é. Á ní kí wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì, á ní kí lèmọ́mù sọ ọ́ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, á tún fi ọ̀rọ̀ rán àwọn ọlọ́kadà. Sẹ̀ríyà ló wá mú àbá mìíràn wá nígbà tí fóònù alágbèéká ti dé ọwọ́ mùtúmùwà. Ó ní ẹ jẹ́ ká fi wáyà so fóònù kékeré kan mọ́ kọ̀ǹpútà, kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́ láràárọ̀ sí gbogbo ẹni tó yẹ kó wá. Inú dókítà dùn sí i. Wọ́n pe Adéyẹmí, ọ̀dọ́kùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Adó, ó sì wá tò ó fún wọn. Bí aago méje bá ti lù láàárọ̀, iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ fúnra rẹ̀, iná orí fóònù kékeré náà á máa ṣẹ́jú wìrìwìrì, kó tó di pé àwọn nọ́ọ̀sì gbálẹ̀ tán, iṣẹ́ ti parí. Àwọn aláboyún fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ó wú wọn lórí pé fóònù dókítà mọ orúkọ wọn.

Ìgbà tí òjò ọdún yẹn wá le ni nǹkan yí padà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan, tó jẹ́ ọjọ́ àwọn aláboyún, Sẹ̀ríyà wọlé, ó bá bẹ́ńṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣófo. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì.

"Mátíróònù, àwọn èèyàn wa dà?"

Mátíróònù Àníkẹ́, obìnrin ńlá tí kì í jẹ́ kí ohunkóhun kó òun láyà sókè, ń ká aṣọ funfun lórí tábìlì. "Àsìkò iṣẹ́ oko mà nìyí. Òjò sì ti ba gbogbo ọ̀nà jẹ́. Wọ́n ń bọ̀, jàre."

Sẹ̀ríyà sáré lọ wo kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà kọ ọ́ sójú lédè Òyìnbó pé iṣẹ́ àárọ̀ ń lọ lọ́wọ́. Ó mí kanlẹ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, bẹ́ńṣì náà tún ṣófo sí i. Ó tún lọ wò ó: iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Gbogbo àárọ̀ tó bá dé ló ń wò ó, gbogbo àárọ̀ náà sì ni ẹ̀rọ ń fi í lọ́kàn balẹ̀. Síbẹ̀, nǹkan kan ń họ ọ́ nínú bí ìgbà tí èèrà bá wọni láṣọ.

Ọjọ́ ọjà ni àṣírí tú. Sẹ̀ríyà jáde lọ ra ata lọ́sàn-án, obìnrin kan tó pọn ọmọ sẹ́yìn fà á lápá.

"Àǹtí kọ̀ǹpútà, ẹ ti pa wá tì o! Àbí ẹ ti lé wa ni?"

"Ta ló lé yín? Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló yẹ kẹ́ ẹ gbé ọmọ yín wá fún abẹ́rẹ́ àjẹsára. A ránṣẹ́ sí yín."

"Sí ta? Ẹ wò ó." Obìnrin náà na fóònù rẹ̀ sí i. Sẹ̀ríyà yẹ ẹ́ wò láti òkè délẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ ìkẹyìn tó ti ọ̀dọ̀ wọn wá ti lé ní oṣù kan.

Ata bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò ṣà á. Ó gbé ẹsẹ̀ sáré padà sí ilé ìwòsàn, ìborùn rẹ̀ ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ó wo ojú rẹ̀. Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́. Ìgbà náà ló tó wo aago. Ọ̀sán ti pọ́n. Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ láago méje àárọ̀, tí kì í gbà ju ìwọ̀nba ìṣẹ́jú lọ, ló ṣì ń lọ lọ́wọ́ yìí? Àárọ̀ nìkan ló máa ń wò ó. Kò sígbà kan tó padà wá wò ó lọ́sàn-án bóyá ó parí. Lójoojúmọ́ ni iṣẹ́ náà ń bẹ̀rẹ̀, tí kì í parí, tí wọ́n á sì pa ẹ̀rọ mọ́ ọn nírọ̀lẹ́.

Ó dá iṣẹ́ náà dúró, ó tún ní kó bẹ̀rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Ó tẹjú mọ́ fóònù kékeré náà. Iná orí rẹ̀ kò ṣẹ́jú. Ó yọ wáyà, ó kì í bọ ihò mìíràn. Ó pa kọ̀ǹpútà, ó tàn án. Iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́, iná kò ṣẹ́jú. Ó pe Adéyẹmí ní Adó, ariwo jẹnẹrétọ̀ gba gbogbo ìlà.

"Kí ló kọ sójú?" Adéyẹmí ń kígbe.

"Ó ní iṣẹ́ ń lọ lọ́wọ́."

"Ó ń lọ náà nìyẹn. Ẹ ní sùúrù fún un."

"Adéyẹmí, ó ti lé lóṣù kan tí mo ti ń ní sùúrù fún un!"

Ìlà já. Sẹ̀ríyà fi orí lé ọwọ́. Èrò kan yọ́ wọ inú rẹ̀: bí òun bá rọra fi fóònù ara òun pe àwọn èèyàn náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ta ni yóò mọ̀? Ó ti ń mú fóònù nígbà tí orúkọ kan sọ sí i lọ́kàn. Kẹ́mi, ará Ayébọ̀dé.

Kẹ́mi yìí, oyún kejì rẹ̀ nìyí. Irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀ kò bá ti ọkọ rẹ̀ mu, irú rẹ̀ ló sì wà lára ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó ti sin ọmọ léraléra kí wọ́n tó mọ ohun tó ń ṣe é. Abẹ́rẹ́ kan wà tí wọ́n gbọ́dọ̀ fún un bí oyún bá wọ oṣù keje, kí ara ìyá má bàa gbógun ti ọmọ inú. Abẹ́rẹ́ náà ṣọ̀wọ́n. Inú yìnyín ni wọ́n ń gbé e wá láti ọ̀nà jíjìn. Dókítà ti wí fún Kẹ́mi pé kó má wulẹ̀ máa gun ọ̀kadà kiri lójú ọ̀nà burúkú yẹn. Bí abẹ́rẹ́ bá dé, yóò rí àtẹ̀jíṣẹ́.

Sẹ̀ríyà pe nọ́ńbà rẹ̀. Wọ́n ní ó ti pa fóònù. Ó tún un pè. Ó ti pa á. Ó sáré lọ bá Mátíróònù.

"Mátíróònù, ẹ jọ̀ọ́, abẹ́rẹ́ Kẹ́mi ńkọ́?"

"Ó wà nínú fíríìjì. Ó ti pẹ́ tó ti dé. Ìwọ náà lo kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé kó wá gbà á. Mo ti ń rò ó pé kí ló dé tí kò wá." Mátíróònù wo ojú rẹ̀, aṣọ tó ń ká dúró sí i lọ́wọ́. "Sẹ̀ríyà, kí ló ṣẹlẹ̀?"

Ọ̀nà láti ibẹ̀ dé yàrá dókítà kò jìn, àmọ́ lójú Sẹ̀ríyà, ó dà bí ẹni pé wọ́n ń fà á lọ sílé ẹjọ́. Òun ló mú àbá wá. Òun ló ní kí Màmá Elizabeth sinmi. Bí nǹkan bá ṣe ọmọ inú Kẹ́mi, kò sẹ́ni tí yóò dárúkọ kọ̀ǹpútà. Orúkọ òun ni wọn ó dá. Ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó kúnlẹ̀.

"Dìde, kí o sọ̀rọ̀," ni Dókítà Ọláìtán wí.

Ó rò ó láìfi ọ̀kan pamọ́. Dókítà bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Àwọn wo ni kò rí iṣẹ́ wa gbà?"

"Gbogbo wọn ni, sà."

Dókítà gbé awò ojú rẹ̀ wọ̀ padà, ó ní, "Ẹ̀rọ lè dúró. Oyún ò lè dúró. Mátíróònù á bá ọ pe àwọn tó kù. Ìwọ, wá Festus, kẹ́ ẹ lọ mú Kẹ́mi wá nísinsìnyí."

Festus ni ọlọ́kadà tó máa ń wà lẹ́nu géètì wọn. Ó wo bí Sẹ̀ríyà ti rí, kò bèèrè ohunkóhun, ó ta ẹ̀rọ jí. Ojú ọ̀nà Ayébọ̀dé ti di pẹ̀tẹ̀pẹ́tẹ̀. Níbòmíràn Sẹ̀ríyà á sọ̀ kalẹ̀, á fẹsẹ̀ rìn, Festus á máa ti ọ̀kadà. Bí wọ́n ti ń lọ ló ń ṣe àsìkírì, tó ń dárúkọ Ọlọ́run lábẹ́ ahọ́n, bẹ́ẹ̀ ló sì ń ṣírò oṣù oyún Kẹ́mi lọ́kàn, ìṣirò náà kò sì bá ara wọn mu nítorí ìbẹ̀rù.

Nígbà tí wọ́n dé ilé ọkọ Kẹ́mi, ìyá arúgbó kan ló jókòó síwájú ilé tó ń bó ẹ̀gúsí.

"Ẹ kú uṣẹ́ o, Màmá. Kẹ́mi ńkọ́?"

"Kò sí ní ulé, ọmọ mi. Ó ti lọ sí Ìlúpéjú, lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀."

Sẹ̀ríyà sún mọ́ ọn. "Ṣé ara rẹ̀ ò yá ni?"

"Ó ní ó ń rẹ òun. Ó ní òun fẹ́ wà lọ́dọ̀ ìyá òun."

Èsì náà kò pa ìbẹ̀rù, ńṣe ló bu epo sí i. Ìlúpéjú ń bẹ lápá kejì, lọ́nà Ọ̀yẹ́. Wọ́n ní láti padà gba Ìkọ̀lé kọjá kí wọ́n tó forí lé ibẹ̀. Festus kò ráhùn. Ó kàn yà sí ilé epo, ó rọ epo, wọ́n tún gbéra. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í pa wọn kẹ́ẹ́kẹ́ẹ́ lójú ọ̀nà, wọn kò dúró.

Wọ́n bá Kẹ́mi lórí àpótí níwájú ilé ìyá rẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síwájú, ikùn rẹ̀ yọ gbàǹgbà. Sẹ̀ríyà kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tó fi ń bèèrè, "Kẹ́mi, ṣé ọmọ ń yí nínú rẹ? Ṣé ó ń yí?"

"Ó ń yí, Àǹtí. Àárọ̀ yìí ló ta mí nípàá tí mo fi kígbe." Ó wò wọ́n láti orí dé ẹsẹ̀, bí ẹrẹ̀ ti bò wọ́n. "Kí ló dé o?"

"Abẹ́rẹ́ rẹ ti dé. Ó ti dé tipẹ́. Iṣẹ́ tá a rán sí ọ ni kò jáde."

Ohùn Kẹ́mi lọ sílẹ̀. "Lójoojúmọ́ ni mò ń wo fóònù. Mo ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kó lè rí iná gbà, nítorí yín. Nígbà tí mi ò rí nǹkan kan, mo sọ fún ọkọ mi pé wọn ò rí abẹ́rẹ́ náà ni, ojú ń tì wọ́n láti sọ. Mo ní kí n má yọ yín lẹ́nu. Mo wá sọ́dọ̀ màmá mi kó lè máa bá mi gbàdúrà."

Ọ̀rọ̀ yìí gún Sẹ̀ríyà ju èébú lọ. Ìyá Kẹ́mi ló gbé omi síwájú rẹ̀, ó ní kó fi ṣan ẹsẹ̀. Ó fi omi náà ṣe àlùwàlá, ó kí ìrun Àsárì tó ti fẹ́ bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ lórí ẹní tí wọ́n tẹ́ fún un, kó tó di pé Festus rí ọkọ̀ kan tó ń lọ sí Ìkọ̀lé. Sẹ̀ríyà jókòó ti Kẹ́mi nínú ọkọ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ẹni pé ó lè sá lọ.

Dókítà ń dúró dè wọ́n. Ó yẹ Kẹ́mi wò, ó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Nígbà tó jáde, ó ní, "Ó pẹ́ ju bí mo ti fẹ́ lọ, àmọ́ kò tíì bọ́. Kẹ́ ẹ má sọ pé ó ti tán o. Àfi ká máa wò ó títí á fi bímọ."

Bẹ́ẹ̀ ni ìbẹ̀rù Sẹ̀ríyà kò ṣe rí ibi sinmi sí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Adéyẹmí ló kọ́kọ́ pè. Ohùn rẹ̀ kò dà bíi tàná mọ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn dáadáa. Ẹ rántí ìgbà tí mo wá kẹ́yìn, tí mo gbé iṣẹ́ yẹn kúrò lójú ẹ̀rọ kó lè máa ṣe é lábẹ́lẹ̀, láìdí yín lọ́wọ́? Bí iṣẹ́ tó wà lábẹ́lẹ̀ bá ní ìbéèrè, kò síbi tó lè gbé e yọ sí. Á kàn dúró, á máa retí ìdáhùn. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, ẹ tàn án padà, ẹ má jẹ́ kí ti àárọ̀ bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹ fọwọ́ ara yín ṣí i, níwájú yín."

Sẹ̀ríyà ṣe bó ti wí. Bó ṣe ṣí i tán, àpótí kékeré kan yọ láàárín ojú ẹ̀rọ, ó ní inú fóònù ti kún, ó ń bèèrè bóyá kí òun pa àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ àtijọ́ rẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni, tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

"Ó ń béèrè nǹkan," ló sọ sínú fóònù. "Adéyẹmí, ìbéèrè ló ń béèrè láti oṣù tó kọjá."

Adéyẹmí tú èémí. "Ẹ dá a lóhùn."

Àmọ́ Sẹ̀ríyà kò tíì dá ẹ̀rọ lóhùn. Kí ló kún inú fóònù náà? Wọn kì í ka ohun tó bá wọlé sórí rẹ̀. Fún rírán nìkan ni wọ́n ṣe so ó mọ́ ẹ̀rọ. Ó yọ wáyà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á. Ìpolówó ilé iṣẹ́ fóònù ló pọ̀ jù. Lẹ́yìn náà, àwọn obìnrin tó ń dúpẹ́: ẹ ṣeun dókítà, Ọlọ́run á bù kún yín, mo ń bọ̀ lọ́la. Ẹnìkan ń béèrè ta ni ẹ. Ó ń kà á lọ, ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé orí ọ̀kan tí kò ní orúkọ: "E jo, omo mi n gbona lati ana, se ki n gbe e wa loni?"

Ó ti pẹ́ tó ti wọlé. Kò sẹ́ni tó kà á.

Sẹ̀ríyà pe nọ́ńbà náà lójú ẹsẹ̀. Kò lọ. Ó wá a láàárín gbogbo nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ wọn, kò bá ọ̀kankan mu. Àfi kó jẹ́ pé fóònù aládùúgbò ni obìnrin náà yá. Ó lọ sọ fún Màmá Elizabeth. Ìyá náà kò dá a lẹ́bi. Ó ní kí wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí bíi ti àtijọ́, pé ẹni tó bá ránṣẹ́ sí Ìtura nípa ọmọ tó ń gbóná, kó jọ̀wọ́ yọjú. Wọ́n kéde rẹ̀ dé Ìyè, dé Ìdó. Àwọn ìyá yọjú, àmọ́ kò sí èyí tó ní òun lòun kọ ọ́.

Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tún bọ̀ sípò. Adéyẹmí wá láti Adó, ó fún ẹ̀rọ ní ìdáhùn ìbéèrè yẹn sílẹ̀, ó sì tún tò ó pé bí iṣẹ́ kan bá pẹ́ jù, kó dá ara rẹ̀ dúró, kó sì ké sí Sẹ̀ríyà lórí fóònù tirẹ̀. Láti ìgbà náà, Sẹ̀ríyà kì í béèrè bóyá iṣẹ́ ń lọ. Bóyá ó ti parí ló ń béèrè. Láràárọ̀ ló sì ń ka gbogbo ohun tó bá wọlé.

Lẹ́yìn ìgbà tí ìsun iṣu tuntun ti kún ìgboro, Kẹ́mi bímọ. Sẹ̀ríyà wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn látìgbà tí ìrọbí ti bẹ̀rẹ̀, kò lè jókòó, kò lè jẹun. Ó gbọ́ igbe ọmọ, síbẹ̀ kò yọ̀, àfìgbà tí Dókítà Ọláìtán yọjú tó ní ojú ọmọ kò ní àmì ibà pọ́njú, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ìgbà náà ló tó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Àánúolúwa ni wọ́n sọ ọmọ náà.

Àmọ́ Sẹ̀ríyà ṣì ń pe nọ́ńbà ìyá ọmọ tó ń gbóná yẹn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, lọ́jọ́ kan tí kò retí, ó lọ. Ọkùnrin kan gbé e. Sẹ̀ríyà ṣàlàyé bó ti mọ. Ọkùnrin náà fetí sílẹ̀ dáadáa, ó sì ní kó má bínú, ẹ̀bá ọ̀nà lòun ti ra síìmù náà, òun kò mọ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀.

"Ọlọ́run á jẹ́ kára ọmọ náà ti yá," ni ọkùnrin náà wí.

"Àmín," ni Sẹ̀ríyà dá a lóhùn. Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó jókòó díẹ̀. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni, bẹ́ńṣì kún fọ́fọ́. Mátíróònù ń pe orúkọ rẹ̀ láti ìta, ó sì dìde lọ dá a lóhùn.